Èènì Inú Ẹ̀tù

Òórùn òróró ìbọn tó dà pọ̀ mọ́ ti kọfí tó ti tutù ni mo fi ń rántí bésímẹ́ǹtì abẹ́ ilé àna mi ní Glenarden, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí kò tíì lọ́jọ́ lórí púpọ̀. Mo wọ bàtà dídán, mo de táì, nítorí mo rò pé pálọ̀ ni wọn yóò ti gbà mí lálejò. Ọmọ ilé náà ni mo fẹ́ fẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin ni mí, mo háyà yàrá kan ní Oxon Hill, mo ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Suitland, mo sì gbà pé kò sí ilẹ̀kùn tí ẹnu dídùn àti ìdọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kò lè ṣí. Bàbá ọmọbìnrin náà wo bàtà mi, ó wo táì mi, ó ní, “Ó dáa. Bọ́ táì yẹn o, kó má lọ há sínú ẹ̀rọ.” Bí mo ṣe wọ ilé àna mi nìyẹn.

Wọ́dìn ni bàbá náà nínú ìjọ Áńgílíkà tí a jọ ń lọ, Baba Wọ́dìn sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, oníṣẹ́ ìjọba ni, ó sì jẹ́ ọmọ ọdẹ láti agbègbè Ọ̀yọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá gọ́ọ̀fù, àwọn mìíràn ń wo bọ́ọ̀lù, òun ní tirẹ̀, ìbọn ló ń tọ́jú. Ó ní ráífù kan tí ọta rẹ̀ jẹ́ alábọ́ọ́dé: kò kéré bí èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀kẹ́rẹ́, kò sì tóbi bí èyí tí wọ́n fi ń wá ẹfọ̀n kiri. Irú ọta bẹ́ẹ̀ kì í sábà wà lórí àtẹ. Bó bá tiẹ̀ wà, wọ́n ti ki ẹ̀tù sínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tó bá gbogbo ìbọn mu díẹ̀díẹ̀, tí kò bá ìkankan mu dáadáa. Nítorí náà, ṣe ni Baba Wọ́dìn ń ki ọta tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò ṣa àwọn kòròfo idẹ tó ti yìn, yóò fọ̀ wọ́n, yóò fi ẹ̀rọ irin kan tó dè mọ́ tábìlì tẹ̀ wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe wà. Yóò fi ìdérí bíńtín tó ń ṣáná sí ìdí wọn, yóò wọn ẹ̀tù sínú wọn, yóò wá tẹ orí ọta mọ́ wọn lẹ́nu. Ní kọ́ńtì tiwa níbí, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀, òfin kò gbà kí èèyàn fi ráífù pa àgbọ̀nrín, nítorí ilé ti sún mọ́ra jù. Bí ewé bá ti ń wọ́, àwọn òkè tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Maryland ni ó máa ń wa mọ́tò lọ, ó sì ń kó ẹran wá fún àwọn opó ìjọ.

Ọmọ rẹ̀ ti là á yé mi bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ baba rẹ̀ ni tinú tẹ̀yìn. “Mummy ti gbà,” ó ní. “Daddy ló kù. If Daddy says no, mi ò lè ṣe é o. I'm serious.” Ẹnì kan ti wá ṣáájú mi, dókítà ni, ó sì jókòó sí pálọ̀ ó ń ka oyè rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Baba Wọ́dìn fún un ní omi, ó fún un ní ẹ̀pà, kò sì pè é sọ̀kalẹ̀ sí bésímẹ́ǹtì rárá. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n tún ní kí n padà wá ní Sátidé kejì, inú mi dùn débi pé ohunkóhun tí bàbá náà bá sọ, “bẹ́ẹ̀ ni, sà” ni mo fi ń lé e. Ọ̀pá ìbọn náà ti gbó, ó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ó bi mí léèrè lọ́jọ́ kan bóyá gígùn ni kí òun fi sí i tàbí kúkúrú. Èmi tí n kò yin ìbọn rí láyé mi dáhùn kíá pé, “Gígùn ni, sà. Ìbọn àgbà ọkùnrin gbọ́dọ̀ gùn.” Ó wò mí títí, ó ní, “Ẹn-ẹ́n?” ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Sátidé kan wá wà. Àwọn kòròfo ti tò sórí pákó wọn, ẹnu wọn ṣí sílẹ̀. Baba Wọ́dìn fi bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀tù hàn mí lórí òṣùwọ̀n kékeré kan tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ojú àmì. Ó wọn díẹ̀, mo ń wò ó. Ni aago ilẹ̀kùn bá dún. Àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ ni, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jò ni wọ́n bá wá, wọ́dìn kò sì lè ní kí wọ́n padà. Ó dìde, ó ní, “Máa bá a lọ. Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n gan-an ni kí o wọ̀n ọ́n o.” Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Nílé wa, ẹni tó bá wọn nǹkan fúnni tí kò fi èènì lé e, ahun ni. Bí aládùúgbò bá rán ọmọ wá tọrọ iyọ̀, ìyá mi á bu èyí tí wọ́n tọrọ, á tún bu díẹ̀ lé e, á ní ọwọ́ òun kò gbọdọ̀ jọ ọwọ́ ahun. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi ìrẹsì fún àlejò, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bu epo. Kí èmi wá jókòó sí ilé àna mi, ẹni tí mo fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n máa ṣọ́ abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n bí ẹni tí nǹkan ń dùn ún? Ó tì o. Mo bá ń wọ̀n ọ́n dé ojú àmì, mo tún ń fi ọmọ ìka bu bíńtín lé e. Mo ṣe gbogbo àwọn tó kù bẹ́ẹ̀, mo ń kọ hímù lábẹ́lẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ pé bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe nìyí.

Nígbà tí Baba Wọ́dìn sọ̀kalẹ̀ padà, ó wo àwọn kòròfo náà, ó wo òṣùwọ̀n, ó wá wo ojú mi. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó nà sí kòròfo kan bí ẹni tó fẹ́ tún un wọ̀n. Ó fà á padà. Ó kàn ní, “O ṣeun,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí ọta mọ́ wọn. Mo lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo ń fò fẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a lọ sí pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn sí àmì. Ó kọ́kọ́ yìn nínú àwọn ọta àtijọ́ tirẹ̀, kí n lè rí bí ọ̀pá ìbọn náà ṣe gbó tó: àwọn ihò tó dá sára bébà ti jìnnà síra wọn, wọn kò kó ara jọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wá ṣí àpótí àwọn tí a jọ ṣe, ó mú ọ̀kan, ó fẹ́ kì í sínú ìbọn. Mo rò pé àsìkò tó kí ó mọ irú ọmọ tó fẹ́ gbà sílé.

“Èyí máa yàtọ̀, sà,” mo ní. “Mo fi èènì sí i fún yín.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. “Kí lo fi sí i?”

“Èènì, sà. Díẹ̀ ni o. Just small.”

“Nínú èyí tí mo mú dání yìí?”

“Nínú gbogbo ẹ̀ ni, sà, àyàfi àwọn tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín wọ̀n. Mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ tiyín mọ́, wọ́n ti dà pọ̀.” Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń retí àdúrà.

Àdúrà kankan kò wá. Ó dá ọta náà padà sínú àpótí, ó pa á dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Ó ní, “Kó ẹrù. À ń lọlé.” Nínú mọ́tò, kò tan rédíò. A ti wà lórí Beltway, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá. “Ìbọn kì í gba èènì,” ó ní. “Ìwọ̀n tí mo fi hàn ọ́ yẹn ti sún mọ́ ibi tí agbára irin yẹn mọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè bẹ́. Ojú ẹni tó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sì máa bẹ́ mọ́.” Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, mo sì jókòó ti bàbá náà, mo ń retí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àṣejù baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé inú rere pàápàá ní àṣejù tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn burú fún mi. Bí ọmọbìnrin náà bá pè mí lórí fóònù, mo máa ń wo fóònù náà títí yóò fi dákẹ́. Mo dá a rò pé kí n wá àgbàlagbà kan nínú ìjọ tí yóò bá mi lọ bẹ̀ ẹ́, bí a ti ń ṣe nílé, mo tún rò ó pé n ó kọ́kọ́ ní láti ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, ẹnu mi kò sì gbà á. Mo ti gbà ní ọkàn mi pé gbogbo ilé náà ti gbọ́, pé wọ́n ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi, wọ́n sì ti pa á rẹ́. Ní Fúráìdè, Baba Wọ́dìn fúnra rẹ̀ pè. Ó ní, “Wọ aṣọ iṣẹ́ wá lọ́la,” ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo bá àpótí ọta náà lórí tábìlì, òun àti òòlù oníke kan tí inú rẹ̀ ṣófo. Bí a ṣe ń lò ó ni pé a ó ki ọta sínú rẹ̀, a ó gbá a mọ́ ìtì igi, orí ọta yóò já kúrò, ẹ̀tù yóò sì dà sílẹ̀ láìsí ewu. A ó tú gbogbo rẹ̀ ni, ó ní, àti èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Mo ń gbá, òun ń ṣà. Kò bú mi. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣọdẹ nílé, tó fi ìkánjú ki ṣakabùlà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń pe ara wọn lọ sí ìgbẹ́ ọdẹ. Ìbọn náà bẹ́, ojú kan sì lọ sí i títí ọkùnrin náà fi kú. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kì í fi ojú lásán wọn ẹ̀tù. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí n kò retí.

“Èmi náà jẹ̀bi,” ó ní. “Ó yẹ kí n tún un wọ̀n. Ọwọ́ mi ti débẹ̀, mo fà á padà, mo ní ọmọ ọlọ́mọ ni, kí ojú má tì í. Wàhálà àwa Yorùbá nìyẹn. Ìwọ ń bọ̀wọ̀ fún mi, èmi ń bọ̀wọ̀ fún ọ, ìbọn kò sì mọ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan.”

“Ẹ má bínú, Daddy.” Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ó jáde lẹ́nu mi fúnra rẹ̀ ni.

“Mi ò bínú. Láti òní lọ, bí ìwọ bá wọ̀n, èmi á tún un wọ̀n. Bí èmi bá wọ̀n, ìwọ á tún un wọ̀n. Kò sí àgbà, kò sí ọmọdé níbẹ̀. Ṣé o gbọ́?”

Mo ní mo gbọ́. Ní àkókò yẹn ni Màmá, ìyàwó rẹ̀, kígbe látòkè pé, “Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí lẹ ń kàn tó báyìí? Ṣé ilé lẹ fẹ́ wó ni?” Baba Wọ́dìn dáhùn pé, “A ń tún nǹkan ṣe ni.” Màmá gbé dòdò àti ẹyin sọ̀kalẹ̀ wá fún wa, ó wo ẹ̀tù tó kún abọ́, kò bi wá ní nǹkan kan. Mo rò pé ó ti mọ ohun gbogbo, àánú mi ló kàn ń ṣe é. Nígbà tí a parí, bàbá náà kó ẹ̀tù ọ̀hún jáde, ó fọ́n ọn sórí koríko ẹ̀yìn ilé bí ajílẹ̀. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. N kò rò pé mo rí ọwọ́ òsì rárá lọ́jọ́ náà.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Kò sí Sátidé tí n kò lọ. Mo kọ́ bí a ṣe ń yẹ ọrùn kòròfo wò bóyá ó ti sán, mo kọ́ pé ọta tó yá jù kọ́ ló ń lọ tààrà jù, àti pé ìbọn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí inú rẹ̀ dùn sí. A ó mú díẹ̀ lọ sí pápá, a ó yìn ín, a ó padà wá dín in kù tàbí ká fi bíńtín kún un. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: òwe tí mo ti ń pa láti kékeré nìyẹn, àfi ìgbà tí mo fi ìka mú ẹ̀tù ni mo tó mọ ohun tí mo ń sọ. Síbẹ̀, bàbá náà kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà á bi mí pé, “So, what did he say?” Màá ní ó ní kí n rọra tẹ apá ẹ̀rọ. Òun á mí kanlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ nígbà tí a gbé ìbọn náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn kan, òyìnbó arúgbó tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lápá Upper Marlboro. Ó kó ọ̀pá ìbọn sílẹ̀ níwájú wa, gígùn àti kúkúrú, fífúyẹ́ àti wíwúwo. Gígùn máa ń jẹ́ kí ọta yá sí i díẹ̀, ó ní, wíwúwo kì í sì í mì nígbà tí èèyàn bá fojú sun àmì. Ṣùgbọ́n nínú igbó orí òkè, igi á máa kọ́ gígùn, wíwúwo á sì mú kí ìgòkè gùn ju bó ti yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ìtòsí ni àgbọ̀nrín ibẹ̀ sábà máa ń wà. Baba Wọ́dìn yíjú sí mi, ó bi mí pé kí ni mo rò. Mo ní, “Mi ò mọ̀, sà.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó mọ́gbọ́n dání tó o máa sọ nípa ìbọn nìyẹn.”

Alágbẹ̀dẹ náà wò wá. Baba Wọ́dìn ga bí òpó iná; èmi, kí n má parọ́, Ọlọ́run kò fi èènì sí gíga tèmi. Alágbẹ̀dẹ bi Baba Wọ́dìn léèrè pé, “Well, who's going to be carrying it?” Mo ṣe tán láti tọ́ka sí bàbá náà. Ó dáhùn kí n tó gbọ́wọ́ sókè. “He is,” ó ní. “My knees are finished. I'll be walking behind him.” Ó gba ìbọn náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi í sí èjìká. Alágbẹ̀dẹ wọn apá mi, ó wọn àyè tó wà láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi àti ojú ìbọn, wọ́n sì mú ọ̀pá kúkúrú tó fúyẹ́, wọ́n ní wọn yóò gé ìdí igi rẹ̀ bá mi mu. Mo dúró síbẹ̀, ìbọn lọ́wọ́.

A ti dé ìdí mọ́tò kí ó tó sọ ọ́, bí ẹni tó kàn rántí ohun tó fẹ́ rà. “Pe àwọn èèyàn rẹ nílé,” ó ní. “Sọ fún wọn pé kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀.” Mo dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ iwájú ilé òyìnbó náà, ajá rẹ̀ sì ń gbó mi. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn nìkan ni mo ṣe láyé mi tí n kò kọ́kọ́ rò ó wò.

Ọdún ti yí lu ọdún. Baba Wọ́dìn kò gun òkè mọ́, èmi ni mò ń gùn ún, mo sì ń kó ẹran fún àwọn opó ìjọ bí ó ti ń ṣe. Nígbà tí a kóra jọ sílé rẹ̀ láìpẹ́ yìí láti bá a dúpẹ́ ọjọ́ ìbí, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ní n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ilé tó mọ ohun tí mo ṣe tí wọ́n sì dárí jì mí. Mo sọ ìtàn náà tán pátá, mo wojú wọn.

“Èènì wo?” Màmá bi mí. “Ìbọn wo?”

Ìyàwó mi yíjú sí bàbá rẹ̀. “Daddy! You never told us this.”

Baba Wọ́dìn kò gbé ojú kúrò nínú abọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó jókòó jàre. Ọbẹ̀ ń tutù.”

Mo ti fi gbogbo ọdún yẹn jẹ oúnjẹ Màmá bí ẹni tí wọ́n dárí jì, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo ṣẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni bàbá náà nílò láti gba ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹni tí ì bá bá a wí. Ó gbé gbólóhùn náà mì, ó sì pè mí wá sí bésímẹ́ǹtì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo jókòó bí ó ti wí. Ìyàwó mi ń wò mí láti òdìkejì tábìlì, àwọn ọmọ wa ń fi mí rẹ́rìn-ín ní gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn pátá, ìdákẹ́ ọkùnrin kan ni mo fi ní wọn.